Àrokò Ọkàn: Ibi tí Fífi Ìlà Ọkàn Ránṣẹ́ ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń ya ìlà iná ọkàn sórí ìwé, ń pọ ìwé gígùn kan jáde díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fà á já. Ìwé náà pupa rẹ́súrẹ́sú, àpótí wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí ojú àwọ̀n, ìlà dúdú kan sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Súrùlérè la wà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Bùọ̀dá mi nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò wọ́n, wọ́n fọwọ́ di àyà mú, wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé àwọn láyà. Nọ́ọ̀sì náà tẹ́ ìwé yẹn sórí tábìlì, ó fi ìgò oògùn tẹ igun rẹ̀ kó má baà ká, ó sì fìka hàn mí. Lẹ́yìn ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ìlà náà padà wálẹ̀ kó tó tún gbéra. Ti Bùọ̀dá ò padà. Òkè ló dúró sí bí èjìká ẹni tó ru ẹrù. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀.

Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà kan ní Ìkẹjà. Áńbúláǹsì ò tíì dé tí èsì fi wọlé. "Ẹ fún Bàbá ní aspirin, kí wọ́n rún un lẹ́nu. Ẹ má gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa o. Ibi tí wọ́n ti lè ṣí iṣan ọkàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà. Mo ń pè wọ́n báyìí." Nígbà tí a máa fi sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Èkó, àwọn tó máa gbà wá ti wọ ìbọ̀wọ́. Ìlà ọkàn Bùọ̀dá ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí Bùọ̀dá fúnra wọn tó dé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ibi tí àṣà fífi ìlà ọkàn ránṣẹ́ ṣáájú aláìsàn yìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan ní Belfast, ní Northern Ireland, ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ní Miami, ní Amẹ́ríkà, ni. Mi ò gbà fún èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí mo rí ní Súrùlérè, àrokò ni, àrokò sì dàgbà ju áńbúláǹsì lọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àrokò kì í ṣe lẹ́tà. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ kò ní láti mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló ni ìtumọ̀. Ó máa ń ṣíwájú ẹni tó rán an, kí ẹni tó máa gbà á lè ti mọ ohun tó máa ṣe kí wọ́n tó fojú kojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé "rò" àti "kò" ló wà nínú orúkọ náà: kí o rò ó kí o tó pàdé rẹ̀. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì kọ̀yìn síra, ìjà ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá so mẹ́fà pọ̀ ní ojú kojú, ìfẹ́ ni, nítorí inú ẹ̀fà la ti ń gbọ́ "fà": ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ohùn wa jọ. Ẹ ò rí i pé ọkàn gan-an ni Yorùbá ní ó máa ń fà? Àwọn baba wa ti ń fi ohun tó wà lọ́kàn ṣe àmì, wọ́n ń so ó mọ́ okùn, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ọdún 1887 wá jẹ́ ọdún tí mi ò lè fojú fò. Ní ọdún yẹn, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àlàyé àwọn àrokò Ìjẹ̀bú jáde, ẹyọ mẹ́fà olójú kojú yẹn wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé "ẹ̀fà" àti "fà" fún àwọn òyìnbó. Ní ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, Augustus Waller, tẹ ìlà iná ọkàn ènìyàn àkọ́kọ́ jáde láti ọsibítù St Mary's. Ọdún yẹn náà ni onímọ̀ físíìsì kan, Charles Boys, fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe okùn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ó yọ́ òkúta quartz nínú iná, ó so ó mọ́ ọfà, ó fi àkàtàǹpó kékeré ta á. Bí ọfà ṣe ń lọ ni okùn ń fà tẹ̀lé e. Àrokò, ìlà ọkàn, àti okùn tí wọ́n máa fi mú ìlà náà já geere, ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo wọn bọ́ sójú ìwé. Mi ò ní ẹnikẹ́ni nínú wọn ka ìwé ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka ọdún yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Èkó náà kò sì jókòó lásán. Ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1893, tẹlifóònù ti ń dún ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Erékùṣù, Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn náà sì ti ń gba aláìsàn kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé. Wáyà wà, ọsibítù wà, àwọn tó mọ àrokò sì ń rìn kiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀rọ tó ń ya ìlà nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá lásìkò, mo gbà gbọ́ pé Ọ̀dàn ni à bá máa dárúkọ lónìí.

Ìlú Leiden, ní Netherlands, ló ṣíwájú. Willem Einthoven ló kọ́ ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Okùn quartz tí wọ́n fi fàdákà bò ló nà sáàárín irin òòfà. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 270 kìlógíráàmù, ènìyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wo ọkàn rẹ̀ á ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀. Ilé ìwádìí ni ẹ̀rọ náà wà, ọsibítù sì jìnnà sí i ní kìlómítà kan àtààbọ̀, bí ẹni fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀dàn gba ọ̀nà Ìdúmọ̀tà lọ. Ẹ̀rọ ò ṣe é gbé lọ bá aláìsàn, aláìsàn tó ń kú lọ ò sì ṣe é gbé wá bá ẹ̀rọ. Wọ́n wá gba wáyà tẹlifóònù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1905, ìlà ọkàn rin ọ̀nà yẹn láti ọsibítù wá. Ara ẹni tí wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà le koko. Kẹ̀kẹ́ ló gùn láti ilé ìwádìí lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ní kẹ̀kẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ṣóńṣó ìlà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. "Télécardiogramme" ni Einthoven pe ohun tó ṣe. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1924.

Ibẹ̀ ni mo fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ sí. Ní Belfast, lọ́dún 1966, dókítà ọkàn Frank Pantridge gbé dókítà àti ẹ̀rọ tó ń jí ọkàn sínú áńbúláǹsì, ó sì gba ẹ̀mí là. Mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbé lọ. Kò rán ìlà kankan. Dókítà Eugene Nagel ní Miami ló rán an, lọ́dún 1967: àwọn panápaná ń fi rédíò gbé ìlà ọkàn láti ojú títì lọ sí ọsibítù Jackson Memorial. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ọmọ Leiden ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kọ ìtàn áńbúláǹsì ọdún 1967, kó má gbàgbé Freedom House, ẹgbẹ́ áńbúláǹsì kan ní Pittsburgh, níbi tí dókítà Peter Safar ti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Kí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà tó mọ̀ pé èèyàn lè gba ìtọ́jú gidi nínú ọkọ̀, àwọn yẹn ti ń ṣe é.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ni áńbúláǹsì ń gbé lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ó bá ń ké kọjá ní ọ̀nà wa ní Mushin, ìyá wa máa ń ti fèrèsé, wọ́n á ní "Ibi á kọjá lórí wa."

Ìyókù kò pẹ́ rárá. Rédíò di tẹlifóònù, ìlà kan di ìwòye 12 láti ara wáyà mẹ́wàá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá LASAMBUS, iléeṣẹ́ áńbúláǹsì rẹ̀, sílẹ̀, ọdún yẹn náà ni GSM dé, a sì wá ní 767 àti 112 tí a lè pè. Àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ya ECG láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá ti pàdé aláìsàn, kí wọ́n sì ṣí iṣan tó dí láàárín 90 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó mọ̀ pé 90 ìṣẹ́jú lè parí sórí afárá. Bí ìlà bá ti ṣáájú dé, a kì í tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi aláìsàn ní "Kí ló ń ṣe yín?" lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé pupa ti Bùọ̀dá wà nínú dúróọ̀ mi. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń kọ ọ́, kì í ṣe yíǹkì, nítorí náà ìlà orí rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi fọ́tò tó yà lọ́jọ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Ìgò oògùn wà ní igun rẹ̀, ìlà náà sì ṣì hàn ketekete.