Kí ni J-frame? Rìfọ́fà kékeré ọlọ́ta márùn-ún

J-frame kì í ṣe orúkọ ìbọn kan ṣoṣo. Ìwọ̀n férémù ni, ìyẹn irin tí sílíńdà (àgbá tó ń yí, tí ọta ń wọ̀), ọ̀pá ìbọn, òòlù àti tírígà so mọ́. Ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson , tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Springfield, Massachusetts títí di 2023, máa ń fi lẹ́tà pe ìwọ̀n férémù rìfọ́fà wọn: J kéré, K jù ú lọ, L ju K lọ, N sì tún ju L lọ. Model 36, Model 60, Model 642: J-frame ni gbogbo wọn.

Kí J tó dé, férémù I ni wọ́n ń lò fún ìbọn àpò, ṣùgbọ́n sílíńdà rẹ̀ kúrú ju irú ọta tí wọ́n ń pè ní .38 Special lọ. Colt, ilé-iṣẹ́ ìbọn mìíràn, ní tirẹ̀ ti ń ta rìfọ́fà Detective Special láti 1927. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, ó sì nípọn díẹ̀. Ní 1950, Smith & Wesson fa férémù àti sílíńdà gùn kí .38 Special lè wọ̀ ọ́, wọ́n fi sípíríǹgì tó lọ́ yípo rọ́pò irin pẹlẹbẹ tó ń ti òòlù, wọ́n sì gbé ìbọn náà lọ síbi ìpàdé àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ní Colorado Springs. Ibẹ̀ ni orúkọ Chiefs Special ti wá. Ní 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Model 36.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọta márùn-ún? Kí sílíńdà má baà sanra ni. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Lára ìta sílíńdà ni àwọn kòtò kéékèèké wà, tí irin kan máa ń bọ́ sí láti dá a dúró bí ihò ọta bá ti ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn. Lára sílíńdà ọlọ́ta mẹ́fà, orí ihò ọta gan-an ni kòtò yìí sábà máa ń wà, ibi tí irin ti fẹ́lẹ́ jù lọ. Ti J-frame ọlọ́ta márùn-ún bọ́ sí àárín ihò méjì, níbi tí irin ti nípọn. Ẹ ṣí sílíńdà Model 36 kan kí ẹ wò ó, ẹ máa rí i kedere.

Òòlù ló fi ìyàtọ̀ sáàárín oríṣi àwọn J-frame. Ti Chiefs Special yọ síta, àtàǹpàkò lè fà á. Ti Centennial, tó jáde ní 1952 fún ọgọ́rùn-ún ọdún ilé-iṣẹ́ náà, wà nínú pátápátá. Ti Bodyguard, tó dé ní 1955, ní irin tó bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọ. Model 60 ti 1965 ni rìfọ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irin tí kì í tètè dípẹtà ṣe. Airweight ni wọ́n ń pe èyí tí férémù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù: ó tó nǹkan bíi gíráàmù 425, nígbà tí Model 36 onírin sún mọ́ 550.

Ìwúwo yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ lára níbi ìdánrawò. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe máa tàpá tó. Ẹ fi onírin bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọta wadcutter (tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ) oní-148 grain (ìwọ̀n ìwúwo orí ọta), nítorí ẹ̀tù inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fa òòlù sẹ́yìn, fífa tírígà lè gba agbára tó tó kílò márùn-ún, ìyẹn sì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu ìbọn fi ń yẹ̀. Ẹ fà á geere láìdánu dúró. Ìka ọwọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ dé iwájú sílíńdà: èéfín gbígbóná máa ń yọ láàárín sílíńdà àti ọ̀pá ìbọn, ó sì lè gé ẹran ara.

Nínú Airweight, títàpá yìí lè fa òjé (orí ọta tó máa ń fò jáde) síta díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ìkarahun àwọn ọta tí ẹ kò tíì yìn. Tó bá yọ kọjá iwájú sílíńdà, sílíńdà kò ní yí mọ́. Ẹ yìn mẹ́rin, ẹ yọ ìkarùn-ún, ẹ fi kálípà (irin ìwọn-nǹkan) wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ fi wé tuntun láti inú páálí kan náà. Tó bá ti gùn sí i, ẹ pààrọ̀ irú ọta yẹn.

Ọ̀pá tó ń ti ìkarahun jáde kúrú, torí ọ̀pá ìbọn kì í sábà ju nǹkan bí íńṣì méjì lọ. Ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára. Bí ẹnu ìbọn bá wà nílẹ̀, ìkarahun á há, ẹ̀tù tí kò jóná á sì bọ́ sábẹ́ irin onírìísí ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn sílíńdà. Ìwọ̀nba ẹ̀tù bíńtín níbẹ̀ ti tó láti mú kí sílíńdà le. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Ẹ má da òróró síbẹ̀, ẹ̀tù á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì fi ọwọ́ gbọ̀n sílíńdà pa bíi ti inú fíìmù, apá tó gbé e á wọ́.

Òfin ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ wádìí kí ẹ tó rà. Ní Nàìjíríà, rìfọ́fà wà lára àwọn ìbọn tí òfin ọdún 1959 kà léèwọ̀ àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ààrẹ, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti gbé e wálé.

Ẹni tó fẹ́ máa kó wọn jọ, ẹ kọ́kọ́ ṣí sílíńdà kí ẹ rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nídìí èèkù: nínú àwọn ti àtijọ́, ó yẹ kó bá ti ara sílíńdà àti ti abẹ́ ọ̀pá ìbọn mu. Ẹ rọra fa òòlù: ó yẹ kí sílíńdà ti há sí ààyè rẹ̀ kí òòlù tó dúró. Bọ́tìnnì pẹlẹbẹ tó ń ṣí sílíńdà jẹ́ àmì ìbọn ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kó o jọ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n tún kùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lẹ́tà ara rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, etí ihò síkúrúù á ti tẹ̀ wọnú. Tí òòlù àti tírígà ìbọn tí wọ́n fi nickel (irin funfun tó ń dán) bò bá ń dán bíi férémù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló kùn ún, torí ilé-iṣẹ́ kì í sábà kun méjèèjì.