Ìkarahun Ọta Kì Í Tọ Ẹni Tó Yìnbọn

Yorùbá ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú réńjì abẹ́ òrùlé, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń fi ìbọn yíyìn dánra wò, irú èyí tí àwọn ará Houston ní ìpínlẹ̀ Texas máa ń sá wọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní léènì 4, ìyẹn àyè tí wọ́n pín fún ayìnbọn kọ̀ọ̀kan, yìnbọn, ẹni tó wà ní léènì 5 ni ìkarahun ọta gbígbóná tí ìbọn náà ta jáde bà lé léjìká, òun náà ni afẹ́fẹ́ ẹnu ìbọn gbá lójú. Ẹni tó yìn ín ń wo páálí tó ń yìnbọn sí níwájú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Orí ohun kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìwà ọmọlúàbí tó wà láàárín àwọn ayìnbọn dúró lé: ìbọn kì í jẹ́ kí olúwa rẹ̀ tọ́ ohun tó ń ṣe fún ẹlòmíràn wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi òfin ààbò sílẹ̀ ná. Òfin mẹ́rin tí Jeff Cooper, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn, fi sílẹ̀ ti di mímọ̀ káàkiri: ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀; má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bàjẹ́; má ki ìka bọ ibi tí wọ́n ti ń fà á títí ojú rẹ yóò fi wà lórí àmì; mọ àmì náà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá ti pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, ó parí, pé èyí tó kù ni ìwà pẹ̀lẹ́, tí èèyàn lè hù tàbí kó má hù. Èrò yìí ló ń bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà nínú jù. Ìwà pẹ̀lẹ́ inú yàrá yẹn kò yàtọ̀ sí ààbò. Ohun tó ń ṣọ́ ni òfin kẹta gan-an, ìyẹn ìka aládùúgbò.

Bí ariwo bá ta lójijì, ara a máa sọ, ọwọ́ a sì fún ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kí olúwa rẹ̀ tó ronú kàn án. Roger Enoka, tó fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí bí iṣan ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ka ohun mẹ́ta tó lè mú kí ìka fa ìbọn láìjẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ ẹ: kí ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ kejì máa fún nǹkan, tàbí kí nǹkan dá a níjì. Ìdáníjì ni aládùúgbò ń fúnni. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó di ìbọn ìléwọ́ mú, ó ti di èémí, ìka ti wà níbi tó ń fà, ojú ti wà lórí àmì. Ìbọn gígùn AR-15 bá dún gbàmù ní léènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka pa dé. Ọta rẹ̀ balẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé iwájú ni ẹnu ìbọn kọ sí. Àmọ́ ara ti kọ́ nǹkan. Láti ìgbà náà, á máa sọ kí ìbọn tirẹ̀ pàápàá tó dún, ọta á sì máa wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, sápá òsì bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Onítọ̀hún á ní ìbọn tí wọ́n yá òun ni kò dáa.

Bíréèkì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn gígùn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì gbádùn mọ́ni jù láti ṣàlàyé. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀tù tó jóná ń tì jáde lẹ́yìn ọta, iwájú ló yẹ kó gbà. Bíréèkì ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń darí afẹ́fẹ́ náà sí ọ̀tún àti òsì, nígbà mìíràn sẹ́yìn díẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta olúwa rẹ̀ léjìká mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń fẹ́ná nídìí ààrò. Ó di ojú, ó fẹ́ ẹ, iná ràn, inú rẹ̀ dùn; ọmọ tó jókòó lódìkejì tó ń ṣa ẹ̀wà ni eérú kún ojú rẹ̀. Ìyá tó ti pẹ́ nídìí ààrò á kọ́kọ́ ké sí ọmọ náà pé, "Gbójú kúrò níbẹ̀ o," kó tó fẹ́ ẹ. Bí ààrò bá jẹ́ méjì nínú ilé ìdáná kan, tí wọ́n sì ta ẹní sí àárín wọn, ẹní yẹn á dá ẹta iná dúró. Èéfín ńkọ́? Á gba òkè kọjá, á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á kọlu àjà, á sì padà wá bá ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ta ẹní.

Bí ògiri tó pín léènì sí méjì ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn míì rò pé òun ló ń dáàbò bo aládùúgbò lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ó lè gba ọta, ó lè gba ọ̀pọ̀ ìkarahun. Agbára afẹ́fẹ́ àti ariwo kò kà á sí, pàápàá níbi tí kọnkéré yí gbogbo ara yàrá ká. Ìbọn ìléwọ́ 9mm máa ń sún mọ́ dẹ̀síbẹ̀lì 160, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, létí ẹni tó yìn ín, ìbọn gígùn a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀. Àjọ OSHA, tó ń bójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ariwo òjijì má kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 140. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ki ìdíti bọ etí, kí wọ́n tó tún de ìbotí lé e. Ṣùgbọ́n dẹ̀síbẹ̀lì bíi 5 péré ni ìkejì ń fi kún ìkíní, torí pé egungun orí náà ń gbé ohùn wọlé. Nítorí náà, "ó ṣáà ti bo etí" kì í ṣe ìdáhùn.

Ìkarahun ọta ńkọ́? Apá ọ̀tún, sẹ́yìn díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń ti ara rẹ̀ ki ọta máa ń ta á sí. Bó bá wọ inú kọ́là ẹ̀wù, tó há sáàárín awọ àti aṣọ, onítọ̀hún á fò sókè, á máa jó, á máa na ọwọ́ sí ọrùn. Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ kejì. Ibẹ̀ ni ẹnu ìbọn ti ń yí kúrò níwájú. Kí ó jóni ná. Gbé ìbọn sílẹ̀ kí o tó bọ́ ọ jáde. Ẹni tó mọyì aládùúgbò rẹ̀ á wọ ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ pa, á dé fìlà tó ní etí níwájú, nítorí pé bó bá fò sókè tìbọntìbọn, ó lè pa ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá gbé ìbọn gígùn sí èjìká òsì, àyà àti ojú rẹ̀ á kọ sí apá ọ̀tún, níbi tí ìkarahun tirẹ̀ ń gbà kọjá níwájú rẹ̀ gan-an. Ìbọn tó ní kòkò ọta tó ń yí kì í ta ìkarahun, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín kòkò náà àti ọ̀pá ìbọn ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná àti ẹ̀rún òjé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àléébù ètò réńjì abẹ́ òrùlé nìyí: lọ́pọ̀ wọn, ẹni tó wà nídìí káńtà kàn ń pín nọ́ńbà léènì ni, kì í bi èèyàn bóyá ìbọn rẹ̀ ní bíréèkì. Ìgbẹ̀yìn léènì, tó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló yẹ kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àléébù kejì ni pé kò ní ìsinmi. Ní gbangba ìta, gbogbo èèyàn á dúró kí wọ́n lè rìn lọ pààrọ̀ páálí, ìgbà yẹn ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nínú ilé, mọ́tò ń gbé páálí lọ, ó ń gbé e bọ̀, ìbọn kò sì dákẹ́. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìkíni wa máa ń kọsẹ̀ níbí. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" ló kàn. Ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í kí i, wọn kì í fọwọ́ kàn án léjìká, wọn kì í kọ́ ọ ní bó ṣe yẹ kó dúró. Ó di ìgbà tí ìbọn bá wà lórí tábìlì. Ohùn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè gbé sókè nígbàkígbà ni "Cease fire!", ìyẹn "Ẹ dá ìbọn dúró!" Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí lè ké e, ẹni tó ti ń yìnbọn fún ogún ọdún á sì yọ ìka, á gbé ìbọn sílẹ̀, á sún sẹ́yìn, láìbéèrè ìdí. Kò sí ohun tó mọ́gbọ́n dání tó èyí nínú gbogbo ètò náà.

Ẹni tó gbé ìbọn oníbíréèkì dé, tó sì mọ̀ ọ́n lò, á fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, á sún sẹ́yìn títí aládùúgbò yóò fi yọ mágásìn, ìyẹn àpò ọta ìbọn rẹ̀, tí yóò sì bojú wẹ̀yìn. Á nàka sí ìbọn rẹ̀, á sì fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Aládùúgbò á ti ìdíti wọlé dáadáa, á de ìbotí lé e, á mi orí. Ìgbà yẹn ló ń yin àkọ́kọ́, ẹyọ kan, kó tó máa bá a lọ.