Àgbàrá ni, ẹ yé pè é ní ìkún omi

Ẹni tó bá fẹ́ fi Capitol Reef, ọgbà ohun àdáyébá ti ìjọba Amẹ́ríkà, kádìí ìrìn àjò rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ń gbà: wọ́n á wa mọ́tò gba Scenic Drive, òkè pupa lọ́wọ́ òsì, títí títì ọlọ́dà yóò fi parí, tí ọ̀nà erùpẹ̀ á wọ inú Capitol Gorge, kányọ̀n kan (ọ̀nà tóóró láàárín ògiri òkúta), kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Níbẹ̀ ni pátákó wà tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé bí òjò bá ṣú. Flash flood ni wọ́n ń sá fún, omi òjò tó ń ya dé lójijì. Bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Àwọn ará wa tó ń ṣe fídíò ìrìn àjò ń pè é ní "ìkún omi òjijì". Ẹnì kan tilẹ̀ kọ "ìkún omi mànàmáná", bíi pé Ṣàngó ló gbé korobá dání. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àgbàrá ni.

Odò ló ń kún, kànga ló ń kún. Omi á máa gòkè, èèyàn á máa wò ó. Àgbàrá ń ya ni, ó ń gbá nǹkan lọ. Kò ní orísun, kò ní ẹja. Òjò ló bí i, bí òjò bá sì ti dá, kò pẹ́ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ á tún gbẹ. Ará Ìbàdàn tó bá ní "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" mọ̀ pé orúkọ méjì lòun pè.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà, àgbàrá, kéré jù, pé omi gọ́tà tí ọmọdé ń tẹ̀ ṣeré ni. Wọn ò gbọ́ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un? Ṣé èyí tó fẹ́ wólé náà ló kéré? Ẹlòmíràn ní ó jọ agbára. Kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ká sinmi. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀gbàrá kò jẹ̀bi. Kányọ̀n sì rèé, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kányọ̀n. Àfonífojì kì í ní ògiri.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí páànù rẹ̀ fẹ̀ kọjá ibi tójú lè rí, tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já. Páànù yẹn ni òkúta ìhòòhò ibẹ̀: igbó ò sí, erùpẹ̀ ò tó nǹkan, omi ò ríbi wọ̀. Ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni kányọ̀n, ibẹ̀ lẹ sì dúró sí tí ẹ ń ya fọ́tò. Ẹ̀kán òjò kan lè máà kàn yín lórí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Antelope Canyon, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Arizona, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, 1997. Òkèèrè ni òjò ti rọ̀, àgbàrá bá àwọn àlejò nínú kányọ̀n tóóró náà, èèyàn 11 sì kú. Ẹni tó gbọ́ "ìkún omi" á máa ronú ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹrẹ̀, ìtì igi àti òkúta ló ń bá omi yẹn rìn. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ mìíràn fún un bí ẹrẹ̀ rẹ̀ bá ki jù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró wò ó?

Capitol Gorge yìí náà ni ọ̀nà mọ́tò tí gbogbo ayé ń gbà títí wọ́n fi ṣí Highway 24 lẹ́bàá odò Fremont ní 1962. Bí àgbàrá bá ti kọjá, àwọn èèyàn á tún lọ kó òkúta kúrò lójú ọ̀nà. Orúkọ àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ ṣì wà lára ògiri rẹ̀ (ẹ má gbẹ́ tiyín o, òfin á mú yín).

Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ló burú jù. Ẹ béèrè ojú ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe ti ibi tí ẹ dúró sí nìkan, ti apá òkè náà. Bí ẹ bá sì gbọ́ híhó omi, ẹ gun ibi gíga, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Mọ́tò háyà ni, olówó rẹ̀ á rí òmíràn rà.