Mítà Tó Ń Bá Ilé Sọ̀rọ̀: Ìbàdàn Ti Wà Níbẹ̀ Tipẹ́

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, wáyà tó ń bá ilé sọ̀rọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun n'Ìbàdàn. Ẹ wo kípáàdì kékeré tá a máa ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ tá a bá fẹ́ lóòdù káàdì. Mítà gan-an wà lórí òpó níta, ní ọ̀pọ̀ ilé kò sì sí wáyà míì láàárín àwọn méjèèjì ju wáyà iná tó ń yí fáànù lọ, orí ẹ̀ náà ni nọ́ńbà 20 tá a tẹ̀ ń gbà dé òpó, tí iye yúníìtì tó kù á sì gbà padà wá sójú kípáàdì.

Wọ́n á ní òyìnbó ló dá a sílẹ̀. Èmi ò gbà. Ọdún 1939 ni Rediffusion, rédíò tó ń gba orí wáyà wọlé, dé Ìbàdàn, Èkó ti ń lò ó láti 1935 lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ Èkó kọ́ là ń sọ. Àpótí kan báyìí lára ògiri, wáyà á ti orí òpó wọlé wá bá a, kò sí pé ò ń wá ilé iṣẹ́ rédíò míì, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́, oṣù bá parí o sanwó. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn bàbá wa ń pè é. Wáyà wọlé, àpótí dúró, ilé iṣẹ́ kan ń gbowó nídìí ẹ̀, kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí mítà? Pé kì í gbọ́ tẹnu wa nìkan ni. Mo tiẹ̀ máa ń rò ó pé ẹni tó dàgbà sí Bẹẹrẹ tàbí Òkè-Àdó láyé ìgbà yẹn, tó ń gbọ́ ohùn kan náà nílé tiẹ̀ àti nílé aládùúgbò, á ti mọ̀ pé wáyà kan ló so gbogbo wọn pọ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mítà tètè yé wa ju àwọn ìlú kan lọ, mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé wáyà Rediffusion kì í ṣe wáyà iná, a ti gbọ́, ẹ ṣeun.

Àwọn kan á fa ti 1897 yọ, pé Routin àti Brown gba ìwé ẹ̀tọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí mítà tó ń fi àmì ránṣẹ́ lórí wáyà iná. Ó dáa, àmọ́ ìwé kì í sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ti Scotland ló jọ nǹkan díẹ̀: ilé iṣẹ́ Pico Electronics ní Glenrothes ló ṣe X10, ètò tó ń gba orí wáyà iná pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé, ní 1975. Iná tiwa yìí ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá kọjá lórí òdo ni wáyà máa ń rọlẹ̀ fírí, ibẹ̀ ni X10 ń ki ọ̀rọ̀ bọ. Wáyà ò fẹ́ ariwo títí dòní, bí kípáàdì ẹ ò bá rí mítà, pa ẹ̀rọ omi, yọ ṣájà, yọ ínfátà, kó o wá gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ mítà jù.

Ìyókù ò gùn. HomePlug, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi wáyà iná gbé ọ̀rọ̀, kóra jọ ní 2000, 2010 ni IEEE 1901, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ yẹn, dé, ọdún yẹn náà ni Green PHY, ìlànà HomePlug tí wọ́n ṣe fún mítà àtàwọn ẹ̀rọ inú ilé, nítorí kì í jẹ iná púpọ̀. STS, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe nọ́ńbà káàdì mítà, ń ka ìṣẹ́jú bọ̀ láti January 1993, ìkà yẹn sì kún ní 24 November 2024, ló jẹ́ kí wọ́n ní ká kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà 20 kan, ká tún tẹ nọ́ńbà 20 míì, kí káàdì tuntun tó wọlé. Mítà ẹni tí ò tẹ̀ ẹ́ ò gba káàdì mọ́ látìgbà náà.