Ṣọ́ọ̀kì Kọ́ Ló Ń Gbé Mọ́tò Dúró

"Ìdí mọ́tò ẹ ti wọlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀kì ló kú." Ó dá ẹni tó sọ ọ́ fún mi lójú, èmi náà sì gbà. Mo ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjì, mo fi odindi àárọ̀ tú ti tẹ́lẹ̀, mo de tuntun. Nígbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀, mo fi tépù wọn àárín táyà dé etí fẹ́ńdà. Bó ṣe wà lánàá náà ló wà.

Sípíríǹgì, irin tó ká bí ejò yẹn, ló ń gbé mọ́tò. Tó bá rọ̀ tàbí tó kán, mọ́tò á wọlẹ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti bá sípíríǹgì wí, kó má máa jó lọ lẹ́yìn tí mọ́tò ti kọjá kòtò. Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, písítìnì tó ní ihò wẹ́wẹ́ á sì máa lọ á máa bọ̀ nínú ọ́ìlì náà. Ọ́ìlì kì í sáré gba ojú ihò tóóró, bí ijó sípíríǹgì ṣe ń rọlẹ̀ nìyẹn, tí agbára rẹ̀ á di ooru. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ ó bá a ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì rẹ̀ tutù, ẹ fura sí èyí tó tutù.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Irú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi orúkọ ẹnjiníà Earle MacPherson pè, tí Ford fi sínú mọ́tò wọn Consul ní 1950, tó sì wà níwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké lónìí, ara rẹ̀ ni sípíríǹgì jókòó sí. Àwọn méjèèjì jọ ń jáde ni, ojú á fi wọ́n pe ẹyọ kan.

Ibẹ̀ sì ni ewu wà fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Á rò pé bí jáàkì bá ti gbé mọ́tò, ẹrù ti kúrò lórí ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Sípíríǹgì ṣì wà ní fífúnpọ̀, nọ́ọ̀tì àárín tó wà lókè ló dè é mọ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì tó yí i ká, tó so ó mọ́ ara mọ́tò, lẹ máa tú láti yọ ọ́. Ti àárín, ẹ má fi sípánà kàn án àfi tí ẹ bá ti fi irin ìfúnpọ̀ mú sípíríǹgì lápá méjèèjì, tó ń mì lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹni tí kò ní irin náà, kó ra ṣọ́ọ̀kì tí ilé iṣẹ́ ti to òun àti sípíríǹgì pọ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kò ní àpààrọ̀. Méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì ṣe aláínmẹ̀ǹtì, ìyẹn títún ojú táyà tò kó lè máa lọ tààrà, lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ tiwájú.

Ti mọ́tò mi ńkọ́? Ìkáko ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ọ̀tún ló ti kán, ó sì fara pamọ́ sínú àwo ìjókòó rẹ̀.