Àrùn ọgbẹ́ ìfun ńlá àti ewu oògùn rẹ̀

Àrùn ọgbẹ́ ìfun ńlá, tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis, jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó máa ń mú kí awọ inú ìfun ńlá wú, kó pọ́n, kó sì dá egbò. Apá ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gun òkè lọ láì fo ibì kankan. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú tí gbogbo ayé mọ̀, tí ebi máa ń ta jí. Inú àpò oúnjẹ àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ni ìyẹn wà, oògùn wọn ò sì jọra. Samuel Wilks, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàpèjúwe àrùn yìí ní 1859. Kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ohun tó hàn ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, kọjú ìjà sí ìfun. Kì í ràn. Láàárín ọmọ ọdún 15 sí 30 ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n máa ń fún un nílé

Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní ikun nínú ni àmì rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Ìgbẹ́ á máa gbọ̀n ènìyàn lójijì, á tiẹ̀ jí i lóru, bó bá sì yàgbẹ́ tán, á tún máa ṣe é bíi pé ó kù. Inú á máa run ún, á máa rù, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á sì máa dín kù.

Ní Èkìtì, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ á kọ́kọ́ pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn. Á ra àgbo, bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, á ra Flagyl ní kẹ́míìsì. Kò yẹ ká fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kòkòrò amoeba ń fà wọ́pọ̀ ju àrùn yìí lọ nílẹ̀ wa. Ohun tó burú ni kí oṣù máa gorí oṣù lórí àgbo. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti fásitì ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ni wọ́n máa ń darí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ wò fún kòkòrò, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun láti ìdí, wọ́n á sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Àwọn oògùn àti ewu wọn

Sulfasalazine ló pẹ́ jù. Nanna Svartz, dókítà obìnrin ará Sweden, ló ṣiṣẹ́ lé e lórí ní nǹkan bí 1940, nígbà tó ń wá oògùn aromọléegun. Èròjà sulfa wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí Septrin tàbí Fansidar bá ti bó lára rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, tí irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, lè rí i kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa fọ́. Ó máa ń dín àtọ̀ ọkùnrin kù, ṣùgbọ́n á padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n bá dá a dúró. Ó tún máa ń sọ ìtọ̀ di pípọ́n bí omi ọsàn. Àwọn kan ti jù ú nù torí pé wọ́n rò pé ibà pọ́njú ti dé. Mesalazine, àbúrò rẹ̀ tí kò ní sulfa, rọrùn fún ara jù, àmọ́ ó lè ba kíndìnrín jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Prednisolone lọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Láti 1955 tí Truelove àti Witts ti fi cortisone, ẹbí rẹ̀, wo aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mọ̀ pé irú oògùn yìí máa ń tètè mú àrùn náà rọlẹ̀. Kò wọ́n, kò sì ṣòro rí ní kẹ́míìsì, ibẹ̀ gan-an sì lewu rẹ̀ wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn á kún, ojú rẹ̀ á rí roboto, àwọn aládùúgbò á máa kí i pé ayé ń yẹ ẹ́. Oògùn ni. Ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà dìde, kó dín agbára eegun kù, kó fa ojú dídì, kó má sì jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn.

Àbùjá kan wà tó ti pa ènìyàn: kí a ṣàdédé dá a dúró. Ẹṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní adrenal gland, tó jókòó lórí kíndìnrín, ló ń ṣe irú èròjà yìí fún ara. Bí oògùn bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹṣẹ́ náà á sùn, kò sì ní í jí lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró 5 mg mẹ́jọ láàárọ̀ fi sábà máa ń yọ hóró kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi tán.

Fún àgbẹ̀, ewu mìíràn tún wà. Aràn strongyloides máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà wọlé, ó sì lè gbé inú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láì dá a láàmú. Bí prednisolone bá bá a níbẹ̀, á bí rẹpẹtẹ, á sì tàn ká ara, ó sì lè pani. Bó bá sì jẹ́ amoeba ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ṣì í pè ní àrùn yìí, ìfun lè lu.

Azathioprine kì í yá. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́. Ó lè dá mùdùnmúdùn eegun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe, nítorí náà ẹni tó ń lò ó tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, tí ara rẹ̀ sì gbóná, gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Àti òun àti allopurinol tí wọ́n fi ń wo gáútì ò gbọdọ̀ pàdé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Infliximab, tí wọ́n ń fà sí ara bí omi, lè jí ikọ́ ife àti kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) tó ti sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ya fọ́tò àyà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kọjá àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Ẹni tó wà lórí azathioprine tàbí infliximab kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever) tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò.

Àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac lè ru àrùn tó ti rọlẹ̀ sókè. Loperamide tí wọ́n fi ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró lè mú kí ìfun tó ti wú gan-an fẹ̀ títí yóò fi fẹ́ bẹ́.

Iṣẹ́ abẹ

Bí oògùn ò bá ran án, wọ́n lè gé ìfun ńlá kúrò pátápátá. Àrùn náà á tán níbẹ̀, àmọ́ aláìsàn lè máa yàgbẹ́ sínú àpò tí wọ́n so mọ́ ikùn. Ẹni tó ṣì ní ìfun rẹ̀ ní láti máa gba àyẹ̀wò kámẹ́rà látìgbàdégbà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, nítorí jẹ̀jẹrẹ.