Ẹnu ń sọ Yorùbá, fọ́ọ̀mù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ottawa pè mí, ó ní òun ń kàwé fún ìdánwò Faransé. Mo ní ṣé Paris ló ń kó lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ipò tí wọ́n fẹ́ gbé òun sí, elédè méjì ni wọ́n ń wá síbẹ̀. Bí òun bá yege, ìjọba Kánádà á máa fi 800 dọ́là lé owó òun lọ́dọọdún. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo tẹ̀lé màmá àgbà wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nílẹ̀ Ifẹ̀ níbí. Látìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn méjèèjì pọ̀, tí mo sì ń ní ó yẹ kí Yorùbá wà lórí fọ́ọ̀mù ìjọba wa, làwọn èèyàn ti ń da ìbéèrè bò mí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì náà?

Màmá ti lé ní 80 ọdún, ìwé kan ni wọ́n fẹ́ gbà. Láti ẹnu géètì dé orí káńtà, kò sẹ́ni tó sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹsẹ́njà ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá, ẹ wá jókòó síbí." Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó fa fọ́ọ̀mù yọ. Ojú ewé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, gbogbo ìyẹn rọrùn. A dé ìlà kan.

"Màmá, ta ni next of kin yín?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

"Ẹni tó máa jogún yín ni, mà."

Màmá wò ó títí. "Ṣé ìwé ni mo wá gbà ni, àbí ogún ni mo wá pín?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ní í dárúkọ ọmọ kankan, pé èyí táwọn ò bá dárúkọ á gbọ́. Orí ìlà kan yẹn la wà títí ọ̀gá kan fi sọ̀rọ̀ láti tábìlì ẹ̀yìn: "Màmá, ẹni tí a máa pè bí a bá ń wá yín tí a ò rí yín ni wọ́n ń bi yín o." "Ẹ̀n-ẹ́n!" Kíá ni Màmá dárúkọ àbígbẹ̀yìn wọn, torí òun ló máa ń gbé fóònù.

Ọ̀gá yẹn ló sọ ọ́ bó ṣe wà lójú òfin. Orúkọ tó wà ní ìlà yẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún. Ìwé ìhágún tàbí òfin àti àṣà ìdílé ló ń pín ogún. Bẹ́ẹ̀, mo ti jókòó níbi ìjà ogún tí ẹnì kan ti ń pariwo pé, "Èmi ni Bàbá kọ sí fọ́ọ̀mù!" Ìtumọ̀ orí káńtà ló dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ó tún ku kan. Ní ojú ewé ìbúra, wọ́n tẹ àtàǹpàkò Màmá, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ń sọ, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n ti ka ìwé yìí sí ẹni náà létí, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé e yékéyéké kó tó tẹ̀ka. Mo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ojú ewé kẹta àti ìkẹrin sétí ẹnikẹ́ni.

Ta ló ní kí wọ́n máa lu irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ni. Ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Òfin tó dára ni. Àwa la sọ ọ́ di rọ́bà àti íńkì.

Ṣé òfin ló ní kí fọ́ọ̀mù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ yẹ Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní í rí gbólóhùn kan tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí abala 55 sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ á máa fi jókòó, pẹ̀lú Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti wà nínú òfin 1979. "Nígbà tí ètò bá ti wà" yìí la ṣì wà láti ọjọ́ yẹn. Abala 97 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ wọn kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí i. Èkó lo àyè yẹn, wọ́n ń fi Yorùbá ṣe ìjókòó Ọjọ́bọ̀.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Abala 35 ní bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala 36 fún ẹni tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n fura sí pé ó jí ewúrẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí Yorùbá lórí ìwé; màmá tí kò jí nǹkan kan kò ní in. Ní ti fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì, àṣà tí òyìnbó fi sílẹ̀ lọ là ń tẹ̀lé, kì í ṣe òfin.

Báwo ni ti Kánádà ṣe rí?

1969 ni wọ́n ṣe Òfin Èdè Ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Wọ́n tún un kọ ní 1988, wọ́n sì tún nǹkan ṣe sí i ní 2023. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ipò ni wọ́n so èdè mọ́, kì í ṣe èèyàn. Tábìlì kan wà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, òmíràn Faransé nìkan, òmíràn èyí tó bá wu ẹ nínú méjèèjì, òmíràn sì gbọ́dọ̀ ní méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí tábìlì elédè méjì á ṣe ìdánwò kíkà, kíkọ àti sísọ, wọ́n á sì fún un ní A, B tàbí C. Òṣìṣẹ́ orí káńtà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní èdè méjèèjì, "Hello, bonjour", kí aráàlú má bàa máa bẹ̀bẹ̀ fún èdè tirẹ̀. Bí wọn ò bá dá a lóhùn ní èdè rẹ̀, kọmíṣọ́nnà kan wà tí aráàlú lè fẹjọ́ sùn.

Kì í ṣe ọ̀run rere o. 1977 ni 800 dọ́là yẹn bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì lé kọ́bọ̀ láti ìgbà náà; àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin orí káńtà wa ń túmọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnikẹ́ni ò kà á sí iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀. Ibẹ̀ ni "ẹni tó máa jogún yín" ti wá. N kì í bá a wí rárá.

Yorùbá wo la máa kọ, ti Ifẹ̀ ni àbí ti Iléṣà?

Lẹ́nu, ti ẹni tó bá wà níwájú yín. Ará Ifẹ̀ ń pe ilé ní ulé, ará Iléṣà náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sí akọ̀wé tí ìyẹn máa dà láàmú. Lórí ìwé, ti ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa ń kà ni.

Àmì ló ń kọ mí lóminú jù. Ká ní wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù Yorùbá bí wọ́n ṣe ń tẹ pátákó ìpolówó, kí wọ́n kọ ORUKO OKO. Ìyàwó ilé á kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ á kọ orúkọ oko rẹ̀. Dírẹ́bà á kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bó bá jẹ́ Yorùbá tí kò lámì ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún wa, kí wọ́n kúkú jẹ́ kó wà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó iṣẹ́ ìjọba?

1859 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ẹ lọ sí ọjà Odò Ògbè níbí lásìkò ìròyìn, ẹ máa gbọ́ àbádòfin, ètò ìṣúná àti owó ìfẹ̀yìntì nínú rédíò ẹni tó ń ta ata. Ọ̀rọ̀ ti wà tipẹ́. Rédíò ló ń lò ó, ọ́fíìsì ni kò lò ó.

Kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa jẹ́?

Ìlú yìí ni wọ́n ti dáhùn ìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú; olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀. Ní November 2025 wọ́n fagi lé e. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá ni yóò jókòó sí káńtà lọ́la.

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ńkọ́?

Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n yọ Gẹ̀ẹ́sì. Àgùnbánirọ̀ wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà láti gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn ará Sábó wà. Ìlà méjì lórí fọ́ọ̀mù kan náà ti tó.

Bí wọ́n bá fún yín láyè, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?

Màá bu ọ̀rọ̀ bí 20 tó ń dààmú èèyàn jù lórí fọ́ọ̀mù, màá jókòó ti àwọn tó wà ní káńtà, ká fẹnu kò lórí Yorùbá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káńtà. Lẹ́yìn náà, màá gba òǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn títí wọ́n á fi kà á.

Ìlà àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ mi: "Orúkọ ẹni tí a lè pè bí a kò bá rí yín." Mo kà á fún Màmá. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n kọ "kì í ṣe ajogún o" sí abẹ́ rẹ̀.